Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Dé Kí Wọ́n Tó Fi Í Ránṣẹ́

Aago méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọjọ́ Jímọ̀, ni fóònù Toyibat dún lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Ayétòrò. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwé àwọn obìnrin Ìmàṣàyí ránṣẹ́ sí Àjọ Ẹbùn-Oko ní Ìlaròó ni. Jẹnẹrétọ̀ ń han lẹ́yìnkùlé, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní Alhamdulillah. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú wọn rí kí ìwé yẹn tó pé kò ní bá a wí.

Ẹgbẹ́ Ọwọ́pé ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, gàrí àti láfún ni iṣẹ́ wọn, Mùínátù ìyá Toyibat sì ni olórí wọn. Ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ lọ súà. Ẹ̀rọ ni kò sí. Ọ̀kan ṣoṣo tó ń lọ ẹ̀gẹ́ nítòsí wọn, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ẹni tó ni ín sì ń ṣe fọ́nnu: bó bá wù ú, á tan án, bí kò bá wù ú, á máa sùn, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó á sì máa dúdú nínú agbọ̀n lójú wọn. Nígbà tí Àjọ Ẹbùn-Oko wáá kéde pé àwọn fẹ́ fi ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú èyí tó ń fún omi rẹ̀, ta àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yewa lọ́rẹ, ṣe ni Mùínátù fi iwájú orí kanlẹ̀ níbi tó dúró sí. Kò sí pé wọ́n ń ṣẹ́ gègé. Ẹgbẹ́ tó bá kún ojú òṣùwọ̀n, tí ìwé rẹ̀ sì dé orí kọ̀ǹpútà àjọ náà kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún tó lù, ẹ̀rọ di tirẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló wáá dé tí wọ́n fi jẹ́ kó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ṣé oṣù méjì àti ààbọ̀ tí àjọ náà fún gbogbo ayé kò tó wọn ni? Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Òfin ẹgbẹ́ ló fà á. Àwọn ìyá àgbà tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ti rí ìjà àjàkú-akátá rí, nígbà tí ẹnì kan fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ̀ka fún ẹni mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fòfin dè é: ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi tí ìka gbogbo wọn bá pé sórí rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìka tirẹ̀. Ìka mẹ́tàlélógún ti wà lórí ìwé láti ìparí oṣù Kẹrin. Ọ̀kan ló kù, ti Ìyá Husain, tó ti sọdá ààlà sí Pọ́bẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ló ní òun fẹ́ lò. Ó di ogún ọjọ́, torí ọmọ tuntun kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun. Wọ́n pè é, wọ́n bẹ̀ ẹ́, Mùínátù tiẹ̀ ṣẹ́ èpè tí kò dénú fún un lórí fóònù. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló padà wọlé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó mọ́ tán, ìka rẹ̀ ti wà lórí ìwé, Toyibat sì ti wà lórí ọ̀kadà.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, iná kò sí. Ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí èjìká fi ń ro ó. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan ń wọ́ lọ bí ìgbín. Ṣùgbọ́n ó lọ. Ó wo aago fóònù rẹ̀ nígbà tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, ó rí i pé méjìlá kò tíì lù, ó sì gbà pé ohun tó bá ti yá kì í pẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló tó gbé fóònù láti pe ìyá rẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ rèé: "Àjọ Ẹbùn-Oko ti gba ìwé Ẹgbẹ́ Ọwọ́pé ní aago 12:04. Ó pẹ́. A kò ní yẹ̀ ẹ́ wò." Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó jókòó sórí páálí bébà.

Bó bá ṣe pé ọmọ ẹlòmíràn ni, Mùínátù ì bá bá a wí tán kí ó sì fojú fò ó. Ọmọ tirẹ̀ ni, ó sì di dandan kí ayé rí i pé kò gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó dìde níwájú ẹgbẹ́. Kò wo ojú Toyibat. Ó ní, "Ẹ má wá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ síbòmíràn. Ọmọ mi ló pẹ́." Ìyá Husain tó yẹ kí ara máa ta ń fọwọ́ pa etí ìró rẹ̀ ni. Ó dun Toyibat wọ egungun.

Ìlú kékeré kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbé fọ́ọ̀mù ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí ìsọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní òdìkejì títì. Nílé, ìyá rẹ̀ ń bu oúnjẹ fún un, kò bá a jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tó ka ìwé dé pólì, tó ń dá ṣọ́ọ̀bù ṣe, máa fi irú ìyẹn ṣe?

Ó ń wo àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ṣáá bí ẹni tó ń fi ahọ́n tọ́ eyín tó ń ro ó. Ibi tó ti ń wò ó ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí òkè rẹ̀, níbi tí àkókò tí ọ̀rọ̀ wọlé máa ń wà. 11:57. Ó tún wo inú rẹ̀. 12:04. Ó kọ́kọ́ rò pé fóònù òun ló ń ṣe wèrè. Ó fi wé ti rédíò, ó fi wé ti ènìyàn mẹ́ta, fóònù rẹ̀ kò ṣìnà rárá. Ó jẹ́ pé aago àjọ ló ń sáré nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìlaròó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́mọláfẹ́ ló ń bójú tó gbígba ìwé níbẹ̀. Ẹ má pè é ní èèyàn burúkú o. Ó kàn jẹ́ irú ọkùnrin tó máa ń lọ aṣọ ìnujú rẹ̀, tó sì gbà pé ohun tó bá ti wà lábẹ́ ìtọ́jú òun kò lè wọ́. Ó gbọ́ ẹjọ́ Toyibat jálẹ̀, ó mú un wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà àgbà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, tó ń gba ìwé gbogbo ẹgbẹ́. Yàrá náà móoru bí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ó nàka sí ojú ẹ̀rọ náà.

"Àbúrò, wo aago wa, kí o sì wo tìrẹ."

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún lórí sáfà. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún lórí fóònù. Toyibat dúró kí ìṣẹ́jú yí, bóyá á ríbi mú. Àwọn méjèèjì yí lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́mọláfẹ́ wáá fi ohùn tùtù ṣàlàyé fún un pé àwọn fóònù ẹ̀bá ààlà wọ̀nyí, tí wọ́n bá ti gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kùtọnu mú, wọn kì í mọ ohun tí aago wí mọ́, pé kí ó má bínú, ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni alága yóò buwọ́ lu orúkọ àwọn tó gba ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ sì parí. Ó tiẹ̀ sìn ín dé ẹnu géètì. Inú mọ́tò ni ẹkún ti gbọ̀n ọ́n, kò sì bìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Bàbá rẹ̀ ló bá ní iwájú ilé. Bàrúwà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wọn, ó ti ń pe ìrun láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó sì ní àṣà kan tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, á gbé aago mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ lára ògiri, á tan rédíò, á dúró de ìgbà tí wọ́n máa lu aago mẹ́rin. Á wo iye tí aago òun fi ṣáájú tàbí tó fi wà lẹ́yìn, á ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, á tó tún un ṣe. Láti ìgbà tí Toyibat ti lè di bírò mú ló ti ń bá a kọ ọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Mọ́kànlá. Méjìlá. Mọ́kànlá. Bí ooru bá mú, iye rẹ̀ á yí padà díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, á tún yí. Ìwé náà ti di mẹ́ta báyìí.

Bàbá gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo, bóyá aago mọ́ṣáláṣí ti ṣe dáadáa lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú kan. Toyibat ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe tán nígbà náà ni.

Bàbá ní, "Ṣé o rí i? Aago tí wọ́n tún ṣe láàárọ̀ yìí kò lè jẹ́rìí ohun tó ṣe lánàá. Àwọn tó bá a pàdé lánàá ni kí o lọ bi."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Orí Toyibat wú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní pólì, tó fi yege ìdánwò tó sì gbé jù sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ dìde. Òkúta kékeré kan wà nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, kò tó hóró ìrẹsì. Iná ló ń mú kó máa gbọ̀n, kọ̀ǹpútà á máa ka gbígbọ̀n náà, iye tó bá kà ló ń pè ní àkókò. Òkúta méjì kì í sì í gbọ̀n bákan náà. Èyí ń yára, èyí ń fà, ooru ń yí i lọ́wọ́ padà, ọjọ́ ogbó náà ń yí i. Àṣìṣe rẹ̀ kéré débi pé kò sẹ́ni tó máa rí i lóòjọ́, bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi máa ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bi àwọn aago ńláńlá léèrè pé aago mélòó ló lù, gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe ń bi rédíò. Èyí tó bá rí ọ̀nà béèrè kì í ṣìnà. Èyí tí wọ́n bá dí ọ̀nà mọ́, á di ládàánì ara rẹ̀, á máa pe ìrun nígbà tó bá wù ú. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá sì tún là, á rọra tún ara rẹ̀ ṣe, á sì dákẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí.

Nítorí náà, kò sóhun tó burú nínú bí sáfà ṣe ṣe dáadáa lọ́jọ́ Ajé. Ìyẹn kò wí pé ó ṣe dáadáa lọ́jọ́ Jímọ̀. Toyibat nu ojú rẹ̀, ó wá àwọn tó bá a pàdé lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn. Gbogbo ẹgbẹ́ tó fi ìwé ránṣẹ́ sí Àjọ Ẹbùn-Oko ló gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì dá a lójú pé àwọn èèyàn wa kì í pa ohun tó bá mú ìrètí wá rẹ́ nínú fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àwọn obìnrin ìlú Tube ti fi tiwọn ránṣẹ́ ní òpin oṣù Kẹta: ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú àkókò tó wọlé. Ní Ìfọ́nyìntẹ̀dó, obìnrin kan tó ń jẹ́ Toheebat gbé fóònù rẹ̀ fún un. Síìmù Kùtọnu ló wà nínú rẹ̀, èdè Faransé ló ń sọ, torí ọjà òdìkejì ló máa ń ná. Àárín oṣù Kẹrin ni tirẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọkùnrin kan tó tún ń sin adìyẹ ní Ayétòrò fi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ní òpin oṣù Kẹrin. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nígbà tó fi dé orí tiwọn, ti àárín oṣù Karùn-ún, ó di méje. Ìṣẹ́jú kan ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Toyibat jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìfọ́nyìntẹ̀dó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìwé bàbá rẹ̀ ló ń kà, ó kàn jẹ́ pé sáfà ló kọ ọ́ ni.

Bàrúwà ló bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. A kò mọ gbogbo ohun tí tọkọtaya bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n Toyibat gbọ́ ìparí rẹ̀ láti yàrá: bàbá ní ẹni tó bá lè sọ níwájú èrò pé ọmọ òun pẹ́, á lè lọ gbọ́ èsì rẹ̀ níwájú èrò. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Toyibat dé ibùdókọ̀, mọ́tò méjì ló bá tó ń dúró dè é, àwọn obìnrin sì ti kún inú wọn. Gbogbo wọn ni. Òfin ẹgbẹ́ ni òfin ẹgbẹ́, ìwé tí ọwọ́ gbogbo wọn pé lé lórí, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá Husain ló kọ́kọ́ wọlé. Mùínátù wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ó ń wo títì.

Màmá Fúnkẹ́ Ajíbádé ni alága àjọ náà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ohùn rẹ̀ ṣì lè mú kí àgbàlagbà to ìlà. Ó bá èrò nínú ọgbà, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n wọlé. Kọ́mọláfẹ́ ti gbé ìwé tí alága máa buwọ́ lù sórí tábìlì, bírò wà lórí rẹ̀. Ó rí Toyibat, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun ti parí lọ́jọ́ Ajé ni, wọ́n ti wo aago, aago sì pé.

Toyibat kí wọn, ó kúnlẹ̀ fún Màmá alága, ó dìde. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bírò.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi ka inú rẹ̀, kí ẹ sì ka òkè rẹ̀. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni sáfà yín ní òun kọ ọ́. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ti wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́tà wo ló ń dé ilé ẹni kí wọ́n tó kọ ọ́?"

Màmá Ajíbádé fa fóònù mọ́ra, ó gbé awò sójú. Kọ́mọláfẹ́ tún gbé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kùtọnu dìde, pé fóònù ẹ̀bá ààlà kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, Toyibat ti mọ̀ pé yóò sọ ọ́. Ó ní kì í ṣe fóònù ló ń kọ àkókò sórí lẹ́tà, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé e wá ni. Ó wáá tẹ́ àwọn fóònù tó yá kalẹ̀, ti Tube, ti Toheebat, ti ọlọ́sìn adìyẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀kan sì rèé tó jẹ́ ti Kùtọnu gan-an, aago kan náà ni àwa àti àwọn ará Kùtọnu sì jọ ń lò. Bó bá ṣe pé ẹ̀bá ààlà ló ń da aago rú, ó yẹ kí kálukú wọn purọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń purọ́ kan náà, tí irọ́ náà sì ń fi ìṣẹ́jú kan dàgbà ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?

Kọ́mọláfẹ́ wo fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aṣọ ìnujú rẹ̀ jáde.

Toyibat kò tíì ṣe tán. Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri. Ó bẹ Màmá alága pé kí wọ́n fi ìka ara wọn kà á, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ló kà á fún wọn. Ìṣẹ́jú méje, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún padà sẹ́yìn. Tíṣà ni tíṣà í jẹ́. Màmá Ajíbádé dìde, ó ń kà sókè, àwọn obìnrin mẹ́rìnlélógún ń bá a kà lábẹ́ ohùn, àní àwọn tí kò mọ̀wé. Ìka rẹ̀ ń gun kàlẹ́ńdà lọ sókè, láti oṣù Karùn-ún sí Kẹrin, sí Kẹta, sí Kejì. Ó dúró lórí ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìíní. Ọjọ́ Jímọ̀ ni.

Toyibat ní, "Kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ yẹn?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìdáhùn. Basit ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń tún kọ̀ǹpútà àjọ náà ṣe, ó dúró létí ilẹ̀kùn látìgbà tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbé fóònù tirẹ̀ jáde, ó ń wá nǹkan nínú àwọn fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, ojú náà ti yí.

"Ọjọ́ yẹn ni mo pààrọ̀ ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wa. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìíní."

Ó wáá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká yìn ín fún ìyẹn. Ẹ̀rọ tuntun náà ti ilẹ̀kùn tí sáfà máa ń gbà jáde lọ béèrè àkókò, ìwé ń wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ ń jáde, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ìwé gbígbà pa, ló ṣí gbogbo ilẹ̀kùn náà torí ó fẹ́ kó orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí alága. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà náà ni sáfà lọ béèrè, tó sì tún ara rẹ̀ ṣe. Ó sáré wọ yàrá gbígbóná yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ìwé tí sáfà máa ń kọ ìṣe ara rẹ̀ sí. Kò pẹ́ tó fi jáde, bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, láàárọ̀, sáfà ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun fa aago òun sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú méje ó lé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Eléyìí kò tilẹ̀ lò ju oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Inú gbọ̀ngán ru. Ìyá Husain ló kọ́kọ́ kígbe, ó ṣí gèlè, ó fi gbá afẹ́fẹ́, àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Màmá Ajíbádé kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ lé ọ̀rọ̀ "ó pẹ́" tó wà níwájú orúkọ Ẹgbẹ́ Ọwọ́pé, ó wáá bi Kọ́mọláfẹ́ pé ẹgbẹ́ mélòó ló tún wà níbẹ̀ tí sáfà ní ìwé wọn wọlé láàárín aago méjìlá sí méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méje. Mẹ́ta ni. Ó fa ìlà lé tiwọn náà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ń pe àwọn èèyàn tó ti jókòó sílé wọn tí wọ́n ń sunkún.

Kọ́mọláfẹ́ ká aṣọ ìnujú rẹ̀. Ó bọ́ sí iwájú Toyibat, ó ní òun tọrọ àforíjì, pé ẹ̀rọ ni òun gbà gbọ́ ju èèyàn lọ. Lẹ́yìn náà, ó bi í ibi tó ti kọ́ irú kíkà yẹn, nígbà tó sì gbọ́ nípa ìwé aago bàbá rẹ̀, ó béèrè bóyá bàbá lè yá òun kí òun fi han àwọn òṣìṣẹ́. Toyibat ní òun máa béèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń gbọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Mùínátù kò tíì kígbe. Ó jókòó láti ìgbà tí kíkà kàlẹ́ńdà ti parí, ó di fóònù Toyibat mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kò mọ̀wé kà. Ó ní kí ọmọ fi ìka han òun níbi tí méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin wà, kí ó sì fi ibi tí méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta wà han òun. Toyibat fi hàn án. Ó tún ní kí ó fi hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di fóònù náà mú títí wọ́n fi dé Ìmàṣàyí, kò gbé e fún un, nígbà tí oúnjẹ sì délẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, abọ́ kan ṣoṣo ló bù ú sí.

Ẹ̀rọ dé ní oṣù Kẹjọ. Orí ọkọ̀ àjàgbé ni wọ́n gbé e wá, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, ìlú jáde wò ó. Ọwọ́ mẹ́rìnlélógún ló gbé e sọ̀kalẹ̀ wọ abẹ́ àtíbàbà, àwọn ọkùnrin ní kí àwọn ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní ó tì. Ẹ̀gẹ́ tí ì bá ti dúdú lọ́sàn-án kan tẹ́lẹ̀ di funfun báláú nínú àpò. Ẹni tó ni ẹ̀rọ àtijọ́, tó ń ṣe fọ́nnu, wá kí wọn kú oríire, ó sì béèrè bóyá wọ́n á lè bá òun lọ agbọ̀n méjì.

Ohun méjì ni Mùínátù ní kí wọ́n gbé kọ́ sí àtíbàbà náà. Ọ̀kan ni aago ògiri, tí Ìyá Husain ń fi rédíò tún ṣe ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ní òun ló yẹ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àkókò. Èkejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, tí Toyibat tẹ̀ sórí bébà ńlá, òkè rẹ̀ àti inú rẹ̀, tí wọ́n fi gíláàsì bò. Àlejò tó bá wọ ibẹ̀ máa ń béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mùínátù kì í jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún wọn. Á nu ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kúrò lọ́wọ́, á fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà àkọ́kọ́, á fi tọ́ka sí èkejì, láì ṣì í, á wáá sọ ọ́ sókè kí gbogbo abẹ́ àtíbàbà lè gbọ́.

Á ní, "Ọmọ mi kò pẹ́."